Ẹ̀kọ Ò Gbọdọ̀ Wọlé Tọ Bàbá Mi

Ẹ gbé fúláàsì yẹn sílẹ̀, Àǹtí Súmbọ̀! Ẹ ò gbé ẹ̀kọ wọlé, bó bá wù yín kẹ́ ẹ gbá mi létí níwájú gbogbo ará ọsibítù. Páìpù wà lọ́fun bàbá mi, ibo lẹ fẹ́ kí ẹ̀kọ gbà? Imú? Ẹ dá mi lóhùn!

Èmi ni mo ní kí wọ́n ki páìpù bọ̀ wọ́n lọ́fun, àbí? Ohun tẹ́ ẹ sọ fún ìyá mi lórí fóònù nìyẹn, tí wọ́n fi ń sunkún ní Àgbóyì títí di ìsinsìnyí. Ẹ ní Nimat ló fọwọ́ sí i, ẹ ní Nimat ló gba ohùn lẹ́nu bàbá ẹ̀. Háà! Ọlọ́run ń wò wá o.

Ta ló da epo pupa sí wọn lẹ́nu? Láàárọ̀ yìí tí Bàámi ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ oníyanrìn létí odò, tí ẹnu yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ọwọ́ ọ̀tún ò gbéra mọ́, mo sáré lọ ṣáná sí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ká lè gbé wọn sọdá odò sí Kétu. Mo ní kẹ́ ẹ ṣáà bá mi di orí wọn mú, mo ní kẹ́nikẹ́ni má fi nǹkan kàn wọ́n lẹ́nu. Kí n tó dé, ẹ ti pariwo májèlé, ẹ ti da epo, ẹ tún fi ẹ̀kọ gbígbóná lé e! Májèlé wo? Rọpárọsẹ̀ ni! Ẹni tí ò lè gbé itọ́ ara ẹ̀ mì, ẹ ń fún un lẹ́kọ. Mo ké, ẹ ní kí n panu mọ́, kí lọmọ àná mọ̀?

Ó dáa, a dé ibí. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí iṣan kan nínú ọpọlọ wọn, pé àwọn á gba iṣan itan wọlé, àwọn á fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ fà á jáde, pé kò gbọdọ̀ pẹ́. Dókítà Kẹ́misọ́lá tó ń kun ni lóorun wá bi wá pé, ṣé Bàbá ti jẹun lónìí? Ìbéèrè kan ṣoṣo! Ẹ̀yin lanu, ẹ ní wọ́n ń gba ààwẹ̀ Alàmísì. Ààwẹ̀! Epo ń kán lórí irùngbọ̀n wọn!

Èmi ni mo sọ òótọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn. Dókítà ní ká ní inú wọn ṣófo ni, bóyá àwọn ì bá ṣe é láìkun wọ́n lóorun, kí àwọn fi abẹ́rẹ́ mú itan nìkan kú. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú bí ikùn ṣe kún yìí, bí wọ́n bá bì lórí tábìlì, inú ẹ̀dọ̀fóró ni èébì máa gbà lọ, wọ́n á rì lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Àfi kí àwọn kun wọ́n lóorun, kí páìpù máa ṣọ́ ọ̀nà èémí. Ó yé mi kíá. Ṣebí ẹ́ńjìnnì ni mò ń tún ṣe? Bí omi bá gba ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà, ó parí. Wọ́n gbé ìwé wá, Bùrọ̀dá Muideen, àkọ́bí wọn, ní òun ò fọwọ́ sí i, ẹ̀yin náà káwọ́ gbera. Ta ló wá kù?

Báyìí, bí wọn ò bá jí, èmi ni mo pa wọ́n. Bí wọ́n bá jí tí wọn ò sọ̀rọ̀, èmi náà ni. Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí látàárọ̀. Bí mo bá dìde, ẹ ó wọlé, bí mo bá jókòó, èébú. Ẹ fẹ́ràn wọn, mo mọ̀, àbúrò wọn ni yín. Ìfẹ́ yẹn ló fẹ́ẹ̀ pa wọ́n!

Ẹ mú fúláàsì wá. Mo ní ẹ mú un wá, Àǹtí!

Ẹ ṣé. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn ti jáde. Páìpù ṣì wà lọ́fun wọn, wọn ò tíì jí. Fúláàsì wà láàárín ẹsẹ̀ mi, ẹ̀yìn mi sì wà lára ilẹ̀kùn.