Fáìlì Àwọn Àgbà Tí Mo Fi Pamọ́ ní Lọ́kọ́jà

Wọ́n ti dá mi lẹ́jọ́ ikú. Okùn ni wọn yóò fi pa mí, bí ìjọba kò bá ṣàánú mi, nítorí bàbá arúgbó kan tó jóná nínú yàrá tí mo ṣáná sí ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣá a. Kò sí ẹni tó rán mi, mi ò mutí, orí mi sì pé.

Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì ní Lọ́kọ́jà, nígbà tí ìlú náà wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara. Ọdún tí ogun abẹ́lé parí ni mo wọṣẹ́. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wá fáìlì. Bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ti fẹ̀yìn tì, gbogbo ọdún tó fi sin ìjọba wà nínú fáìlì kan ṣoṣo. Bí a bá rí fáìlì, yóò máa gbowó lóṣooṣù. Bí a kò bá rí i, bí ẹni tí kò ṣiṣẹ́ rí ni.

Ohun tó kọ́kọ́ tàn mí kò ju iṣu méjì lọ. Agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìn tì wá láti Kàbbà, mo sì rí fáìlì rẹ̀ kí ó tó jókòó dáadáa. Inú rẹ̀ dùn. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú iṣu méjì àti ẹran ìgbẹ́. N kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó mi sè é, a jẹ ẹ́, ó ní, "Àwọn tó mọ ọpẹ́ dá ṣì wà láyé."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin kan wá. Fáìlì rẹ̀ wà lábẹ́ ìgúnpá mi gan-an. Mo wò ó lójú, mo ní, "Bàbá, a ò tíì rí i. Ẹ padà wá lọ́la." Mo kàn fẹ́ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ni. Nígbà tó padà wá, àkùkọ ló gbé dání.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Fáìlì tí mo bá fẹ́ kó sọnù, inú àpò ìrẹsì tó wà lábẹ́ tábìlì mi ni mo ń kì í bọ̀. Ẹni tó bá mú nǹkan wá, fáìlì rẹ̀ á yọ. Ẹni tí kò bá mú nǹkan wá, á máa padà wá lọ́la títí. Nígbà tí àpò kún, mo gbé e lọ sílé, mo jù ú sí òkè àjà, mo sì tẹ́ òmíràn.

Bàbá Fúnmi ni apá mi kò ká. Agbájà ló ti ń wá, lórí òkè lọ́hùn-ún. Òṣìṣẹ́ ojú ọ̀nà ni nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọdún mẹ́ta ló fi ń wá, kò sì mú awẹ́ obì kan dání rí.

"Òkun o, akọ̀wé," á kí mi. "Ṣé ó ti yọjú?"

"Bàbá, kò tíì yọjú."

"Kò burú. Ọ̀nà tí mo gbà wá yìí, èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi la là á. Ká ní mo mọ̀ pé èmi ni n ó máa rìn ín wá bẹ̀ ọ́, à bá ti gé e kúrú."

Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ rọra sọ fún un pé kó wá nǹkan fún akọ̀wé. Ó dáhùn sókè kí n lè gbọ́: "Mo ti fún wọn ní ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Kí ló tún kù?" Láti ọjọ́ náà ni mo ti kórìíra rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, lẹ́tà dé láti Ìlọrin pé àwọn aṣàyẹ̀wò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun láti ka gbogbo fáìlì. Ó yẹ kí n kó àwọn àpò náà padà. Mẹ́ta ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rí mi tí mò ń gbé àpò mẹ́ta wọ ọ́fíìsì tí kò ní béèrè? Mo rò ó títí, mo ní bí yàrá fáìlì bá jóná, kò sí ẹni tí yóò mọ èyí tó ti sọnù kí iná tó dé. Lọ́jọ́ Àìkú, mo sọ fún ìyàwó mi pé inú ń run mí. Òun àti àwọn ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi gbé kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan. Àwọn afẹ̀yìntì tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá máa ń dé lọ́jọ́ Àìkú kí wọ́n lè wà níwájú lọ́jọ́ Ajé. Wọn kì í dúró. Olúkúlùkù á fi nǹkan gba àyè sílẹ̀ lórí fàràńdà: òkúta, agbọ̀n, bàtà ẹsẹ̀ kan. Á sì lọ sùn sílé ará rẹ̀ nínú ìlú. Kò sí ẹni tó jẹ́ fọwọ́ kan nǹkan náà. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, fìlà kan ló wà níwájú, ọ̀pá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo mọ fìlà náà. Mo sọ fún ara mi pé Bàbá Fúnmi ti gba àyè rẹ̀, ó ti lọ sílé ọmọ rẹ̀. Fúnmi ọmọ rẹ̀ ń kọ́ni ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nínú ìlú. Mo gba ẹ̀gbẹ́ fìlà náà kọjá, mo da kẹrosíìnì sí abẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo ṣáná.

Fúnmi ti rìnrìn àjò. Bàbá rẹ̀ wà nínú yàrá fáìlì.

Málàm Gàrbá, mẹ́gádì wa, ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ohun tó sọ fún adájọ́ nìyí: "Òjò ṣú. Mo ní, 'Bàbá, wọlé, sùn lórí àwọn ìwé. Kò sí ẹni tó máa yọ ọ́ lẹ́nu níbẹ̀.' Mo lọ ra oúnjẹ. Mo padà dé, mo rí iná, mo rí akáwú, akọ̀wé wa yìí, tó ń lọ. Mo pè é pé bàbá kan wà nínú ilé."

Mo sáré padà. Èmi àti Gàrbá fọ́ fèrèsé, a gbé bàbá náà jáde. Kò rí ìrọ̀lẹ́. Gàrbá gbóòórùn kẹrosíìnì lọ́wọ́ mi. Ó kàn ń wo ọwọ́ náà títí ọlọ́pàá fi dé, èmi náà kò sì jiyàn.

Ní kóòtù, Fúnmi ní, "Kí n tó fojú kan owó oṣù mi ni ìjọba ti ń yọ owó orí nínú rẹ̀. N kò jà. Mo ní lọ́jọ́ kan èmi náà á dàgbà, wọn á rántí mi. Bí bàbá mi náà ṣe rò nìyẹn. Ta ló máa wá fáìlì tèmi?" Àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ tó kún kóòtù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Àwọn náà ń sanwó orí. Adájọ́ wò mí, ó ní, "Ẹni tó bá rí fìlà, orí ló yẹ kó wá." Lẹ́yìn náà ló ka ìdájọ́.

Ní oṣù kẹta tí mo dé yàrá àwọn tí ikú ń dúró dè, Fúnmi wá.

"Mi ò wá bú yín," ó ní. "Màmá mi ló rán mi. Ọ́fíìsì yín ní kò sí ìwé tó fi hàn pé bàbá mi ṣiṣẹ́ rí, pé gbogbo ẹ̀ ti jóná. Ṣé ẹ rántí nọ́ńbà fáìlì ẹ̀?"

N kò tíì sọ ọ̀rọ̀ àwọn àpò náà fún ẹnikẹ́ni, títí kan lọ́yà mi. Ojú ń tì mí ju bí ẹ̀rù ikú ṣe ń bà mí lọ. Mo ní, "Fáìlì bàbá yín kò jóná. Ó wà ní òkè àjà ilé mi."

Wọ́dà tó dúró tì wá yíjú sí mi.

"Ọdún mẹ́ta," ni Fúnmi wí. "Ó wà lókè àjà yín, ẹ sì ń bá bàbá mi rẹ́rìn-ín."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ta ló wà nílé yín báyìí?"

Òun àti ọlọ́pàá lọ síbẹ̀, ìyàwó mi sì bá wọn sọ àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kalẹ̀. Àwọn tí mo fìyà jẹ ni ìwé wọn yè. Àwọn tó gbé àkùkọ wá fún mi ni tiwọn jóná, owó wọn sì dúró.

Nígbà tí Fúnmi tún wá, ìwé àjákọ ló mú dání. "Àwọn tó kù ń kọ́?" ó ní. "Ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ fi ń ṣí fáìlì wọn. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ bá rántí."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ: orúkọ, ìlú, iṣẹ́, ọdún tí wọ́n wọlé, ọdún tí wọ́n jáde. Fúnmi ń mú un lọ bá ẹgbẹ́ àwọn afẹ̀yìntì, olúkúlùkù á sì wá ohun tó ní sílé, lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ tàbí fọ́tò tó yà pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́. Bí tèmi àti tiwọn bá bára mu, ọ́fíìsì á gbà á. Mo máa ń ṣì í kọ nígbà mìíràn. Bàbá kan rán Fúnmi sí mi pé, "Sọ fún un pé mi ò ṣe kúùkù fún òyìnbó kankan. Awakọ̀ ni mí. Kó tún un kọ." Mo tún un kọ.

Màmá Fúnmi ti gba owó ọkọ rẹ̀. Iṣẹ́ tó rán sí mi kò gùn: "N kò tíì lè dárí jì í. Ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé mo ti rí i gbà." Láti ìgbà tí mo ti dé ibí, ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ sùn dáadáa.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wọ iṣẹ́ ìjọba, ẹ má rò pé ibi iná ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe iná ni mo kọ́kọ́ ṣá. "Ẹ padà wá lọ́la" ni. Bí àgbà kan bá dúró níwájú yín, tí ìwé rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ yín, ẹ fún un lónìí. Bó bá fẹ́ dúpẹ́, kó fi ẹnu dúpẹ́. Ẹ̀yin tó sì ń sanwó orí, ẹ béèrè ìwé yín nígbà tí ẹsẹ̀ yín ṣì lè gbé yín lọ béèrè.

Ọ̀gá ẹ̀wọ̀n pè mí lánàá. Ó ní Ìlọrin ti kọ̀wé pé láti oṣù tó ń bọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ni yóò máa lọ bá àwọn àgbà ní ìlú wọn, àti pé olúkúlùkù yóò ní ẹ̀dà fáìlì tirẹ̀ nílé. Ní tèmi, ó ní ìwé ẹ̀bẹ̀ mi ti dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń gba gómìnà nímọ̀ràn lórí àánú, wọn kò sì ní fọwọ́ kàn mí títí wọn yóò fi jókòó lé e lórí.

"Mi ò ṣèlérí fún ọ," ó ní. "Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ náà béèrè bóyá o ti kọ àwọn orúkọ náà tán. Mo ní ó kù díẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń bọ̀ wá gbà á."