Òjé Ọwọ́ Màámi

[Ìró alùpùpù, ìlà ń já]

BÀBÁ: Haló? Ta nìyẹn?

RÀSHÍDÁTÙ: Ẹ kú iṣẹ́ oko, bàbá. Èmi Ràshídátù ni. Ẹ jọ̀ọ́—

BÀBÁ: Ràṣí! Ọkọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìsúndúnrin ni mo wà o, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí ò—

RÀSHÍDÁTÙ: Dáadáa ni wọ́n wà. Bàbá, Ìbàdàn la wà, ní ọsibítù. Àbúrò yín fẹ́ pa mí!

BÀBÁ: Ìyá rẹ? Ìbàdí yẹn tún le sí i ni?

RÀSHÍDÁTÙ: Agídí ló le sí i!

BÀBÁ: [ẹ̀rín] Ìyẹn ti pẹ́ lára rẹ̀.

RÀSHÍDÁTÙ: Ẹ má rẹ́rìn-ín, please! Ó ti kàn wá láti wọnú ẹ̀rọ MRI. Màámi bọ́ yẹtí, wọ́n bọ́ ìlẹ̀kẹ̀. Ó ku òjé ọrùn ọwọ́, wọ́n ní láéláé.

BÀBÁ: Èyí tí wọ́n fi sí i lọ́wọ́ nílé òrìṣà Ògìyán?

RÀSHÍDÁTÙ: Òun náà. Òòfà ńlá ni ẹ̀rọ yẹn, bàbá. Wọn ò gba ohunkóhun tó jọ irin wọlé.

BÀBÁ: Ṣebí ẹ ti ya X-ray?

RÀSHÍDÁTÙ: Eegun nìyẹn ń wò. Kò rí nǹkan rírọ̀ tó bo orí eegun, èyí tí kì í jẹ́ kí eegun máa ha eegun. MRI yìí ló máa sọ bó ṣe kù sí. Tó bá ṣì dáa, oògùn ni. Tó bá ti jẹ tán, wọ́n á là á, wọ́n á fi irin sí i. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

BÀBÁ: Irin kẹ̀?

RÀSHÍDÁTÙ: Irin! Nínú ìbàdí! Nítorí òjé tí wọn ò fẹ́ bọ́ fún ìgbà díẹ̀—

BÀBÁ: Má pariwo mọ́ mi.

RÀSHÍDÁTÙ: Ẹ má bínú. Ó sú mi ni. Láti Ẹ̀jìgbò ni wọ́n ti ń ké yéè ní gbogbo kòtò ojú ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì ti pe ẹlòmíràn báyìí!

ÌYÁ: [lókèèrè] Sọ fún un pé n ò bọ́ ọ!

RÀSHÍDÁTÙ: Ẹ gbọ́ ọ bí? Mo ní kí n bá wọn fi í sí báàgì mi, wọ́n fẹ́ bú mi—

BÀBÁ: Báàgì? Háà! Abájọ! Wọn kì í gbé e sílẹ̀, Ràṣí. Tó bá bọ́ ọ, ọmọ tó bí ló máa wọ̀ ọ́ dè é. Ṣé o gbọ́ mi?

RÀSHÍDÁTÙ: Ọmọ wo? Èmi nìkan ló bí!

BÀBÁ: Ìwọ náà ni. Ilé ààfáà lo wà, ìyẹn ni ò jẹ́ kó lè sọ fún ọ.



RÀSHÍDÁTÙ: Màámi. Ṣé nítorí tèmi ni?

ÌYÁ: N ò fẹ́ kí wọ́n bá ọ jà nílé ọkọ rẹ.

RÀSHÍDÁTÙ: Ẹ wá fẹ́ kí wọ́n gé ìbàdí yín? Ẹ ò lè sọ̀rọ̀? Láti àárọ̀! Ẹ bọ́ ọ. Ọwọ́ mi rèé.

ÌYÁ: Ọkọ rẹ ńkọ́—

RÀSHÍDÁTÙ: Èmi ni màá bá a sọ ọ́. Ẹ bọ́ ọ, ẹ jọ̀ọ́.

BÀBÁ: Ràṣí, dúró, ọwọ́—

RÀSHÍDÁTÙ: Ó mà wúwo o, Màámi. Ẹ má sunkún mọ́. Nọ́ọ̀sì! Nọ́ọ̀sì, a ti ṣe tán!

BÀBÁ: Ọwọ́ wo lo fi sí? Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń fi í sí o! Ràṣí! Ṣé o gbọ́ mi? Ṣé o—

[Ìlà já]