Èmi Ni Mo Pa Ẹ̀rọ Náà Lẹ́nu Mọ́

Marisela, ti ilẹ̀kùn kí o jókòó. Dókítà ti ní ọ̀rọ̀ ara mi ti kọjá oògùn, n kò sì fẹ́ gbé irọ́ yìí wọ sàréè. O kò ṣubú lórí àtẹ̀gùn lọ́jọ́sí. Èmi Dale Hruska, ọ̀gá rẹ, ni mo fọ́ ọ lórí.

O ṣáà mọ iṣẹ́ wa ní ọ́fíìsì ìlera: ẹnu ẹlẹ́rìí kan kò tó. Àwọn tó sáré wọ ilé ìwòsàn, àwọn ọmọ tí kò wá sílé ìwé, oògùn ìgbẹ́ gbuuru tí wọ́n tà, gbogbo rẹ̀ là ń dà pọ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jọ gòkè, ẹ̀rọ á pariwo, a ó sì ké sí àwọn aláṣẹ ìlera ìpínlẹ̀ Michigan. Nígbà tí àjọ̀dún ìkórè kù sí dẹ̀dẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gòkè. Àwọn ọmọdé ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀. Mo mọ ibi tó ti wá. Wendell àbúrò mi ń fún omi ápù tà láìsè é, abẹ́ igi tí màlúù ń yàgbẹ́ sí ló sì ti ń ṣa ápù ọ̀hún. Mo pè é.

"Bọ̀dá Dale, ẹ dákun," ó ní, "ẹ jẹ́ kí àjọ̀dún yìí kọjá. Tí ẹ bá tú mi fó, mo gbé!"

Àánú ṣe mí. Àánú burúkú! Bí ilé oògùn bá dín owó ọjà kù, oògùn á tà wàràwàrà láìsí àìsàn, a sì máa ń ní kí ẹ̀rọ má ka ìyẹn sí. Irọ́ tí mo pa fún ẹ̀rọ nìyẹn, kó tó pariwo. Ẹ̀rọ pa lọ́lọ́.

Ìwọ lo já irọ́ mi. O já wọlé: "Ọ̀gá, ta ló ní wọ́n dín owó kù? Mo ra nǹkan níbẹ̀ láàárọ̀ yìí, sẹ́ǹtì kan ò yẹ̀!" Mo ní kí o lọ jókòó. "Kí n jókòó kẹ̀? Ọmọ ọlọ́mọ fẹ́ kú, ẹ ní kí n jókòó! Mò ń pe ìpínlẹ̀." Mo já fóònù gbà, o fi èékánná ya mí lójú, mo di irun rẹ mú, mo gbá orí rẹ mọ́ etí kọ́bọ́ọ̀dù irin. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́ o. O ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́." Mo tún gbá a. Ẹ̀jẹ̀ rẹ ta sí mi lẹ́nu. Ìkà ni mí! Mo wọ́ ọ dé ìdí àtẹ̀gùn, mo wá ń ké "ẹ gbà wá o!" bí ọmọlúàbí.

Lọ́jọ́ kejì, o ṣì dákú sílé ìwòsàn nígbà tí mo rí Araceli, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ, lójú agbo àjọ̀dún, ife omi ápù lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ ǹlẹ́ o, ọ̀gá àǹtí mi!" Ó juwọ́ sí mi. N kò já ife náà gbà. Mo juwọ́ sí òun náà. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló ń yà, ó ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀, ó ń ké pe ìyá rẹ̀ títí ẹ̀mí fi bọ́.

Nígbà tí o jí, o kò rántí nǹkan kan. Wọ́n ní èmi ni mo gbé ọ dé ilé ìwòsàn. Láti ìgbà náà, Kérésìmesì kò ní í dé kí o má gbé tamali, oúnjẹ àgbàdo yín, wá: "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ gbà mí là." Mo ń jẹ ẹ́. Mo tún ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀dọ́ tó bá jókòó sípò mi lónìí, kó má fi ojú ẹbí wo àìsàn. Marisela, n kò lẹ́nu láti bẹ Araceli, ìwọ ni mò ń bẹ̀. Bí o bá lè, dárí jì mí. Bí o kò bá lè, lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ, kó wá bú mi kí n tó kú. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi mọ́.