Ìdáhùn Tí Mo Fún Dókítà Kì í Ṣe Ti Àbúrò Mi

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ewé yìí, mo kí yín. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni mí. Mo ti ka ẹjọ́ àwọn ẹlòmíràn níbí, mo ti mi orí, mo ti pòṣé. Ó wá kàn mí wàyí. Ọ̀rọ̀ kan wà láyà mi láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni títí di ọ̀sẹ̀ yìí. Kódà bí mo bá ń gbàdúrà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń gbà kọjá.

Ohun tó mú mi sọ ọ́ nísinsìnyí ni pé irọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa obìnrin kan tí kò mọ̀ nípa rẹ̀. Bí mi ò bá sì sọ ọ́ fún ẹni tí mo ṣẹ̀ kó tó di ọjọ́ Àìkú, ẹlòmíràn á sọ ọ́ fún un. Bó bá gbọ́ ọ, bóyá kò tún ní pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ fún mi, màá sọ ọ́ bó ṣe tẹ̀ léra.

Mo ní àbúrò kan, ọmọ ìyá mi. Mi ò ní pe orúkọ rẹ̀, oríkì rẹ̀ ni màá máa pè: Àṣàkẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jù ú lọ. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n nígbà tí ìyá wa bá lọ sóko, ní apá Ìjẹ̀bú lọ́hùn-ún. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti dàgbà, mo ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi ní Dagenham níbí, ní London. Ọkọ tèmi náà ti lọ, àwọn ọmọ mi ti wà nílé tiwọn. Àwa méjèèjì la jọ ń gbé, ilé wa kò jìnnà sí ọgbà ìgbafẹ́ Mayesbrook.

Òyìnbó ò yọ̀ lẹ́nu Àṣàkẹ́. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn, ó mọ nọ́ńbà bọ́ọ̀sì. Ohun tó bá ju ìyẹn lọ, èmi ni ẹnu rẹ̀. Ní báǹkì, ní káńsù, lọ́dọ̀ dókítà, òun á sọ ọ́ fún mi, èmi á sọ ọ́ fún wọn. Ó máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ fún àwọn èèyàn pé, "Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ẹnu, èmi ni mo ni ikùn."

Kò pẹ́ púpọ̀ tó dé ni jẹjẹrẹ mú un ní ọyàn òsì. Wọ́n gé ọyàn náà, wọ́n sì fi àpò rírọ̀ kan sábẹ́ awọ ibẹ̀ kí àyà rẹ̀ lè dọ́gba. Ọlọ́run ṣe é, àìsàn náà lọ. Kò sẹ́ni tó mọ̀ àfi èmi. Nínú ìjọ wa, a ní orúnkún ló ń dùn ún.

Ọdún ń gorí ọdún, ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le. Dókítà ṣàlàyé fún wa pé ara èèyàn kì í gba àlejò láìmọ odi yí i ká. Àpá á hù yí àpò náà po nínú lọ́hùn-ún. Ti ẹlòmíràn á rọ̀, kò ní yọ ọ́ lẹ́nu. Ti Àṣàkẹ́ le bí èèpo àgbọn. Ó ń fún àpò náà mọ́ra, ó fà á gòkè sí apá èjìká. Àbúrò mi kò lè fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn mọ́. Bí mo bá fẹ́ gbá a mọ́ra, ṣe ló máa ń fà sẹ́yìn.

Dókítà oníṣẹ́ abẹ náà jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í kánjú. Ó ní àwọn á gé àpá líle náà kúrò pátá, àwọn á sì yọ àpò tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀nà méjì ló wà. Àwọn lè fi àpò tuntun sí i, ṣùgbọ́n àpá lè tún yí ìyẹn ká kó sì tún le, wọ́n sì lè tún là á lọ́jọ́ iwájú. Tàbí kí àwọn fi àyà náà sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kí àwọn rán an. Ó ní ẹni tó ni ara ni kó yàn.

Wọ́n fẹ́ mú ògbufọ̀ wá fún wa. Àṣàkẹ́ kọ̀. Ó ní, "Yorùbá wo ni wọ́n fẹ́ mú wá? Ẹni tí a máa bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú?" Wọ́n ní ti orí fóònù wà. Ó ní ohùn òun ńkọ́, ṣé wọn ò ní dá a mọ̀ ni. Ó fọwọ́ lé orúnkún mi, ó ní èmi nìkan ti tó. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé Àṣàkẹ́ fúnra rẹ̀ ló ní òun ò fẹ́ ògbufọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí mo ti ṣẹ̀ rèé.

Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà fún un bó ṣe yẹ. Mi ò yọ nǹkan kan kúrò. Ó ní, "Kí wọ́n fi tuntun sí i. Ẹ sọ fún un pé kó má tóbi ju ìkejì lọ o, kí wọ́n má sọ mí di ọmọge." Ó sì rẹ́rìn-ín.

Mo kọjú sí dókítà. Mo sọ fún un lédè Òyìnbó pé àbúrò mi ní kí wọ́n fi sílẹ̀ pẹrẹsẹ, òun ò fẹ́ òmíràn mọ́.

Dókítà wò ó, ó wò mí. Mo rò pé ẹ̀rín yẹn ni kò bá ọ̀rọ̀ mu lójú rẹ̀. Ó ní kí n bi í bóyá ó dá a lójú. Mo yíjú sí Àṣàkẹ́, mo ní, "Ó ní ṣé ó dá ẹ lójú pé o fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ náà?" Àbúrò mi na ẹ̀yìn ró, ó wo dókítà lójú, ó dá a lóhùn fúnra rẹ̀. Ó ní, "Yes, dókítà."

Wọ́n fún wa láyè láti lọ ronú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tún bi í kí iṣẹ́ abẹ tó wáyé. Èkejì jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, nígbà tí dókítà ń fi bírò fa ìlà sí i láyà. Ẹ̀ẹ̀mejì náà ni mo tún dáhùn bí mo ṣe dáhùn lákọ̀ọ́kọ́. Ìwé tó fọwọ́ sí, èmi ni mo kà á fún un. Mo mọ ìlà tí mo fò.

Nígbà tó jí, ó fi ọwọ́ ọ̀tún wá àyà rẹ̀ lábẹ́ báńdéèjì. Ó wá a, ó tún wá a. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ibo ló wà?" Nọ́ọ̀sì kan dúró tì wá, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, kò kúkú gbọ́ Yorùbá. Mo ní, "Wọ́n ní kò ṣeé fi padà mọ́." Ó yíjú sí ògiri. Kò sunkún. Ì bá sàn fún mi ká ní ó sunkún.

Ẹ óò bi mí pé kí ló dé. Láti ọdún mẹ́ta yìí, mo ti ń sọ fún ara mi pé àánú rẹ̀ ló ṣe mí, pé mi ò fẹ́ kí wọ́n tún máa la ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Bàbá kan wà nínú ìjọ wa tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó wa bọ́ọ̀sì títí ó fi fẹ̀yìn tì, Bàbá Awakọ̀ là ń pè é. Ṣáájú iṣẹ́ abẹ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa délé lẹ́yìn ìsìn. Lákọ̀ọ́kọ́, èmi ni mò ń jókòó síwájú. Nígbà tó yá, ó ní kí n bọ́ sẹ́yìn kí n lè na ẹsẹ̀ mi dáadáa. Àṣàkẹ́ bọ́ síwájú. Mo wá ń wo ìpàkọ́ wọn láti ẹ̀yìn, mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn. Lọ́jọ́ kan tí à ń ṣa ẹ̀wà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá lọ, ẹ ò ní bínú?" Mo ní kí ló máa bí mi nínú. Ṣùgbọ́n mo wo àga tó jókòó sí, mo ti ń rí i lófìfo.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, mo ti dá gbé rí. Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú, kí àbúrò mi tó dé, mo máa ń rìn lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù Alibon lọ ra mílíìkì tí mo ní nílé, kí ẹnì kan lè kí mi káàárọ̀. Mi ò fẹ́ padà síbẹ̀. Nígbà tí dókítà sọ pé àyà náà lè wà ní pẹrẹsẹ, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé, bó bá rí bẹ́ẹ̀, ojú á tì í, kò ní lọ mọ́. Ohun tí mo ṣe nìyẹn, mi ò ní fi aṣọ bò ó.

Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Àṣàkẹ́ kò gbé ìpè Bàbá Awakọ̀ mọ́. A padà sórí bọ́ọ̀sì. Ìrora náà lọ, ẹ jẹ́ n sọ èyí tó jẹ́ òtítọ́. Iṣẹ́ dókítà dára, àbúrò mi ń fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn bí ọmọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n ó fi aṣọ bo dígí yàrá rẹ̀, kò sì ṣí i títí di òní.

Wọ́n fún un ní ohun rírọ̀ kan tí yóò máa fi sínú kọ́mú. Ó tì í sínú dúrọ́ọ̀. Ó ní òun ò ní gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tó gba ti òun láìbéèrè. Ó rán àpò aṣọ kékeré fúnra rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi òwú sí i, òwú fúyẹ́ jù. Bó bá gbọ́wọ́ sókè nínú orin, òwú á gun òkè. Ló bá bu ìrẹsì sínú rẹ̀. Ìrẹsì wúwo, ó ń jókòó jẹ́ẹ́. Lábẹ́ sùtánà funfun, ta ló máa mọ̀?

Níbi ìkórè ìjọ wa tó kọjá, okùn àpò náà já. A wà lẹ́nu ijó. Mo rí ìrẹsì tó ń já bọ́ lábẹ́ sùtánà rẹ̀, ẹyọ kan, ẹyọ méjì, ó bá dà. A kì í wọ bàtà nínú ilé àdúrà wa, gbogbo ẹsẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin kan ní àmì ọ̀pọ̀ ni, ó ní kí a pariwo halelúyà, àwọn kan sì pariwo. Mo kúnlẹ̀, mo ń fi ọwọ́ gbá a jọ. Àṣàkẹ́ dúró sójú kan, ó fi ọwọ́ di àyà, ó wò mí nílẹ̀. Ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ti rí i."

Nígbà tí mo délé, mo bá ẹyọ ìrẹsì kan tó lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi.

Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ mọ́. Gbogbo obìnrin tó bá fẹ́ gbọ́ ló ń sọ ọ́ fún. Ó ní òun sùn, òun jí, wọ́n ti yàn fún òun, wọn ò bi òun. Mo ń gbọ́, mo ń dákẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn tó gbọ́ ni obìnrin kan tí a ń pè ní Ìyá Ìbejì. Kò tíì pé ogójì ọdún. Ó ń di ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní River Road. Ó ti rí kókó kan ní ọyàn rẹ̀. Wọ́n kọ lẹ́tà sí i pé kó wá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò lọ. Wọ́n kọ èkejì. Lọ́jọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, à ń fọ àwo nínú ilé ìdáná ìjọ, ó ní òun ò ní lọ. Ó ní, "Kí n lọ sùn síbẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ bíi ti Mọ́mì?" Àṣàkẹ́ fọwọ́ rọ̀ ọ́ léjìká. Ìyá Ìbejì wá kọjú sí mi. "Mọ́mì àgbà, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ gbọ́ Òyìnbó wọn. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

Ọwọ́ mi wà nínú omi ọṣẹ. Mo ní, "Bó ṣe rí nìyẹn."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣépè fún mi. Ojú àwọn ìbejì náà ni mò ń rí. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yìí, mo lọ dúró ní ibùdókọ̀ tó ti máa ń wọ bọ́ọ̀sì bó bá ṣíwọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un ní ìdúró, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, títí kan ti Bàbá Awakọ̀. Bọ́ọ̀sì rẹ̀ dé, ó jẹ́ kó lọ.

Kò pariwo. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ibùdókọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Màá lọ síbẹ̀, Mọ́mì àgbà. Ṣùgbọ́n Mọ́mì, àbúrò yín, máa bi mí pé kí ló yí mi lọ́kàn padà, mi ò sì ní parọ́ fún wọn nítorí yín. Mo fún yín dọjọ́ Àìkú." Ó dìde, ó wọ bọ́ọ̀sì tó tẹ̀ lé e. Kò kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe máa ń ṣe.

Ó lọ ní Ọjọ́rú. Wọ́n gé díẹ̀ lára kókó náà láti lọ yẹ̀ ẹ́ wò, èsì kò tíì dé. Ẹ bá mi gbàdúrà fún un. Bí ọjọ́ tí mo fi dá a dúró bá ṣe é ní ibi, ọrùn mi ló wà.

Ọjọ́ Ẹtì nìyí. Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ́wọ́ fún ọmọ ìyá yín rí, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Ṣé kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ṣe, àbí ìdí tí mo fi ṣe é? Ṣé kí n pe àwọn ọmọ rẹ̀ sí i, àbí kó jẹ́ èmi pẹ̀lú ẹ̀? Bó bá ní òun ń lọ, ṣé mo lẹ́nu láti ní kó dúró? Láti ọjọ́ tó ti dé ìlú yìí, ẹnu mi ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gbà jáde. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan tí mo jẹ ẹ́ yìí, mi ò mọ ibi tí màá gbà gbé e.

Bí mo ṣe ń tẹ èyí, ó jókòó níwájú mi, ó ń rán àpò tuntun tó máa lò lọ́jọ́ Àìkú. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ó na abẹ́rẹ́ sí mi, mo bá a fi òwú bọ̀ ọ́. Ó bi mí pé ta ni mò ń kọ̀wé sí lórí fóònù láti àárọ̀. Mo ní àwọn èèyàn kan ni.

Ó ní kí n bá òun kí yín. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an ni mo ṣe sọ èyí.