Àmì Tí Mi Ò Fi Sórí Ọkọ́

Ìyàwó mi, jókòó. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ pa tẹlifíṣàn yẹn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Dókítà ti sọ tiẹ̀, ó ku tèmi, mi ò sì fẹ́ kó bá mi wọ sàréè. Ẹ̀gbọ́n ìyá yín kò jalè. Èmi ni mo mọ ohun tó gbé owó ìjọba lọ.

Èmi náà ni mo ní kí ìjọba ra owó kírípítò, owó inú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n fi ṣe àpamọ́ ọjọ́ ìṣòro. Ẹnu mi dùn nígbà náà! Mo bi mínísítà ètò ìnáwó tí mò ń gbà nímọ̀ràn nígbà yẹn pé, “Wúrà wa, ilé ta ló wà? Ṣebí ilé àjèjì ni. Lọ́jọ́ tá a bá jà, ṣé wọ́n á ṣílẹ̀kùn fún wa? Owó wọn tá a sì kó pamọ́, wọ́n ń tẹ òmíràn síta, tiwa ń fúyẹ́. Èyí ní iye tó mọ sí, ẹnikẹ́ni ò lè tẹ òmíràn kún un, ẹnikẹ́ni ò sì lè tì í mọ́ wa.”

Mínísítà máa ń fura sí tíì tó bá ní kí wọ́n po fún òun. Ó ní, “Ìfura loògùn àgbà. Ta ló máa mú kọ́kọ́rọ́ dání?”

Kọ́kọ́rọ́ náà kì í ṣe irin, ọ̀rọ̀ ni. A pín in sí mẹ́ta: mínísítà, ẹ̀gbọ́n ìyá yín tó jẹ́ olùṣirò owó àgbà ní iléeṣẹ́ mínísítà, àti èmi. Kálukú yan ọ̀rọ̀ Yorùbá kan, ó tẹ̀ ẹ́ láìjẹ́ kí ẹnì kejì rí i. Àdéhùn wa ni pé gbogbo àmì, ti ohùn àti ti ìsàlẹ̀ lẹ́tà, gbọ́dọ̀ pé.

Ẹ̀gbọ́n kúkú ti ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ tipẹ́. “Ọkọ àbúrò mi, àbí kí n ní ọkọ́ àbúrò mi? Ẹ ò kì í fi àmì sí nǹkan. Ẹ máa sọ ara yín di irinṣẹ́!” Nítorí ẹ̀fẹ̀ yẹn ni mo ṣe mú ọkọ́, ọkọ́ tí à ń fi roko. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀lẹ yìí tẹ “oko” lásán, kò sí àmì lókè, kò sí nísàlẹ̀. Mi ò tiẹ̀ mọ̀.

Nígbà tí oúnjẹ wọ́n gógó, ìjọba fẹ́ tà lára rẹ̀ láti fi bọ́ ìlú. A tẹ ọ̀rọ̀ wa, mo fi àmì sí tèmi, ẹ̀rọ kọ̀. A tún un tẹ̀, ó tún kọ̀. Ó ní ó ku ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà òun á pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Mínísítà ń wo ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n ń wò mí.

“Àna mi, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ fi àmì sí tiyín lọ́jọ́ yẹn?”

Ìgbà yẹn gan-an ni mo rántí. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọmọdé ni mí ni? Mo fi sí i.”

Mínísítà wá dúró sẹ́yìn mi, ó tẹjú mọ́ ìka mi. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ láìlámì, owó á jáde, irọ́ mi náà á jáde. Bí mo bá fi àmì sí i, ohun tí ìlú ní á parẹ́. Mo fi àmì sí i. Ọlọ́run ń gbọ́ mi, mo mọ ohun tí mò ń ṣe, mo sì ṣe é.

Nígbà tó parẹ́ tán, mínísítà yíjú sí ẹ̀gbọ́n. “Ìwọ lo yí ọ̀rọ̀ rẹ padà kó o lè jí owó náà!” Ẹ̀gbọ́n wò mí pé kí n gbè é. Mo ní, “Èmi náà ti ń fura sí wọn.” Ẹnu burúkú yìí náà ló sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ṣẹ̀wọ̀n.

Láti ìgbà tó ti jáde, ìyàwó mi, tó bá ti wọlé, wàá dìde gbé báàgì rẹ wọ yàrá. Mò ń rí ọ. Ẹ̀gbọ́n náà ń rí ọ. Èmi tó yẹ kí n sọ̀rọ̀ á máa wo ògiri.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo yín. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú kékeré gbé yín dé ibi tó gbé mi dé. Ìyàwó mi, lọ pe ẹ̀gbọ́n rẹ wá. Tó bá ní òun ò wá, má fi ikú mi bẹ̀ ẹ́. Ṣáà sọ fún un pé mo ti jẹ́wọ́, pé ìwọ náà wà níbẹ̀, o sì gbọ́.