Ọdún Tí Bọ́láńlé Wà Lẹ́wọ̀n, Tí Àwa Ìyá Àgbà Méjì Ń Du Ọmọ Rẹ̀

Nígbà tí èmi wà ní kékeré, tí eyín mi ṣì pé lẹ́nu, kò sí ohun tó ń jẹ́ kóòtù lórí ọ̀rọ̀ ọmọ. Ẹ gbọ́ o. Démilàdé, gbé fóònù tí o fi ń gbohùn mi yẹn sún mọ́ mi dáadáa, mi ò ní tún un sọ. Ẹ̀yin tó kù, ẹ má jẹ gúgúrú sí mi létí.

Ní Ìkìrun, àbúrò bàbá mi kan wà, Bàbá Gàníyù. Ó gbá agbowó-orí létí. Ìfọ́tí kan péré! Ṣùgbọ́n ó dún débi pé ìjọba gbọ́ ọ. Wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ mẹ́ta ló sì wà nílẹ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tí bàbá àgbà tèmi ṣe? Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní, "Ìwọ, mú èyí. Ìwọ, mú èyí. Èyí tó ń sunkún yẹn, ẹ gbé e fún Ìyá Ọlọ́bì." Ó parí. Ó pín wọn bí ẹni pín ẹja. Kò sí lọ́yà, kò sí fọ́ọ̀mù. Ẹ má rò pé mò ń sọ pé ó dáa o... Ìyá Ọlọ́bì yẹn, ó rán ọmọ ọlọ́mọ lódò títí ọrùn ọmọ náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú èjìká. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wọ súùtù wá bi ọ́ pé yàrá mélòó lo ní.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká bọ̀ sí Benin níbí.

Ẹ mọ àǹtí yín Bọ́láńlé. Àbíkẹ́yìn mi ni. Ní Iyaro níbí ló ti ní kẹ́mísì nígbà náà. Ó fẹ́ ọmọ Bíní kan, Osagie. Arẹwà ọkùnrin. Ẹwà náà ló tán síbẹ̀. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan; àwọn ń pè é ní Esosa, èmi ń pè é ní Àbẹ̀kẹ́. Nígbà tí ọmọ pé ọdún mẹ́ta, ìgbéyàwó fọ́. Osagie ní iṣẹ́ pe òun ní Port Harcourt. Ó ní láti jẹ́ pé iṣẹ́ náà kì í jẹ́ kí èèyàn ráyè tẹ fóònù, nítorí odindi ọdún mẹ́rin la ò fi gbúròó rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wọ ṣọ́ọ̀bù Bọ́láńlé. Wọ́n tú abẹ́ káńtà. Wọ́n bá páálí oògùn ikọ́ méjì níbẹ̀, irú èyí tí òfin ti dè, tí àwọn ọ̀dọ́ ń mu bí ọtí. Láti ọjà Ekiosa, níbi tí mo ti ń ta abọ́ àti bàsíà, ni mo ti sáré dé àgọ́ ọlọ́pàá. Mo ní, "Bọ́láńlé, ṣé o mọ̀?"

Ó ní, "Màmá, ẹni tó máa ń kó oògùn wá ló gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀."

Mo ní, "Mi ò bi ọ́ léèrè ẹni tó gbàgbé. Ṣé o mọ̀?"

Ó wolẹ̀... Ẹ gbọ́, ọmọ mi ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ̀. Mi ò ní purọ́ sínú fóònù.

Wọn ò fún un ní béèlì. Wọ́n gbé e lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ọdún méje, wá di ọwọ́ mi.

Nígbà tó tilé ìwé dé lọ́jọ́ yẹn, ó ní, "Grandma, where my mummy dey?" Kí ni kí n sọ? Ṣé kí n sọ fún ọmọ pé ọlọ́pàá fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí ìyá ẹ̀ lọ́wọ́? Mo ní, "Ó lọ sí Àbújá. Ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ sí i." Ó wojú mi, ó wojú mi. Ó ní, "Okay." Láti ọjọ́ yẹn, kò jẹun dáadáa mọ́. Ọmọ tó ti jáwọ́ nínú títọ̀ sórí ẹní, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní ibà ni. Mo se àgbo. Ó mu àgbo, ó sì tọ̀ ọ́ sórí ẹní.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, ta ló dé? Osagie! Òun, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin, àti ìyá ẹ̀ láti Ogbe, àdúgbò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Ọba Bíní. Obìnrin gíga, ó ń rìn bíi pé inú ààfin gan-an ni wọ́n bí i sí, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Mo kí i lédè Bíní, "Kóyo." Ó dáhùn bí ẹni tí eṣinṣin kó sí lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ló sọ̀rọ̀: "Mama, the mother don turn criminal. Pikin na papa get am."

Mo ní, "Bàbá wo? Osagie, kíláàsì wo ni ọmọ ẹ wà?"

Ó wo ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ó wo òkè àjà. Ó ní, "Nursery?"

Ọmọ tó wà ní Praimárì Kejì! Mo rẹ́rìn-ín títí gèlè mi fi tú. Omi tí mo fi ṣan ẹja sì wà lọ́wọ́ mi. Ó dà sí bàtà ẹ̀gbọ́n. Mi ò sọ pé mo dà á o. Ó dà.

Bọ́rọ̀ ṣe dé kóòtù nìyẹn. Wọ́n rán obìnrin wẹ́fíà kan sí mi, àwọn tí ìjọba fi ṣọ́ ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ó ṣí ìkòkò mi wò. Ó wo ibi tí ọmọ ń sùn sí. Ó ní, "Màmá, ọmọ ọdún mélòó ni yín?" Mo ní, "Ṣé ọjọ́ orí mi ni ọmọ fẹ́ jẹ ni?" Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wo apá Àbẹ̀kẹ́ tó ti rù, ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ẹ̀rù wá bà mí. Mo rí i pé wọ́n lè gba ọmọ yìí lọ́wọ́ mi ní tòótọ́.

Adájọ́ ní kí ọmọ ṣì wà lọ́dọ̀ mi, ṣùgbọ́n ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, kó máa lọ sọ́dọ̀ àwọn ará Ogbe, títí ìdájọ́ yóò fi wáyé. Mo bínú. Mo di ẹrù ẹ̀ bí ẹni ń di òkú.

Sátidé àkọ́kọ́ tó lọ, nígbà tó dé ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, ó jókòó, ó jẹ ẹ̀bà. Ó tún bù. Mo ní, kí ni wọ́n fún ọmọ yìí mu? Ó wá gbé ojú sókè, ó ní, "Grandma, I see my mummy. She no dey Abuja. She don slim."

 Ìyá Osagie ti mú un lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n!

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mi ò lọ sọ́jà. Ogbe ni mo gbà lọ. Mo ti to èébú sẹ́nu láti Iyaro. Mo bá obìnrin náà níbi tó ti ń ṣa ẹ̀fọ́. Pijin la fi ń bára wa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ọ́ ní Yorùbá. Mo ní, "Ta ló ní kẹ́ ẹ mú ọmọdé lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n? Ṣé ẹ fẹ́ ba orí ẹ̀ jẹ́ ni?"

Kò dìde. Ó ní, "Ó bi mí léèrè, mo sì dá a lóhùn."

Mo ní, "Mo ti sọ fún un pé Àbújá ni ìyá ẹ̀ wà!"

Ó gbé ẹ̀fọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá Bọ́lá, nígbà tí ọkọ yín kú, ibo lẹ sọ fún ọmọ náà pé ó lọ?"

 Àbújá ni mo sọ... Ẹ gbọ́ mi. Àbújá náà ni! Nígbà tí bàbá àgbà yín kú, ọmọ náà pé ọdún mẹ́rin, mo ní bàbá lọ sí Àbújá.

Ó ní, "Ọmọ yẹn rò pé ìyá òun ti kú. Ó ní ẹ̀ ń sunkún ní bálùwẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ bi yín, kẹ́ ẹ má bàa tún sunkún."

  Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn. Ó fún mi lómi. Nígbà tó yá, mo bá a ṣa ẹ̀fọ́.

Ọjọ́ kóòtù pé. Lọ́yà mi ti kọ́ mi lóhun tí n óò sọ, pé kí n bu ìdílé wọn kanlẹ̀. Adájọ́ obìnrin náà ní, "Màmá, kí ló dé tí ẹ fẹ́ kí ọmọ wà lọ́dọ̀ yín?"

Mo dìde. Mo ní, "Olúwa mi, ẹ má fún Osagie. Kò mọ kíláàsì ọmọ ẹ̀." Akọ̀wé kóòtù ní kí n má na ìka sí èèyàn. Mo ká ìka kò. Mo ní, "Ṣùgbọ́n ìyá ẹ̀ yìí, ó sàn jù mí lọ níbì kan. Mo purọ́ fún ọmọ, ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sí mi lọ́wọ́. Òun ló sọ òótọ́ fún un. Ilé ìwé ọmọ kò jìnnà sí ilé mi. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ mi láti Mọ́ńdè. Lọ́jọ́ Ẹtì, kó lọ sí Ogbe, kí ìyá yìí máa mú un lọ rí Bọ́láńlé."

Lọ́yà mi dijú bí ẹni ń gbàdúrà. Adájọ́ bi Osagie léèrè bóyá ó fara mọ́ ọn. Osagie wojú ìyá ẹ̀. Ìyá ẹ̀ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Osagie náà mi orí.

Adájọ́ mú ọmọ wọnú ọ́fíìsì ẹ̀, àwọn méjèèjì nìkan. Kí ni wọ́n sọ? Títí dòní, Àbẹ̀kẹ́ kò sọ fún mi. Mo ti fi ẹran bẹ̀ ẹ́, kò sọ. Nígbà tí wọ́n jáde, adájọ́ ní bí mo ṣe wí náà ni kó rí, títí ìyá ẹ̀ yóò fi dé. Ó sì ní kí n máa ṣọ́ omi ẹja mi! Ta ló lọ sọ fún un?

Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni Bọ́láńlé lò lẹ́wọ̀n. Ọjọ́ tó dé, mo rò pé ọmọ yóò sáré dì mọ́ ọn. Rárá o. Ẹ̀yìn ìyá Osagie ló sá sí. Ó pẹ́ kó tó jáde. Bọ́láńlé kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀, ó ní, "Ṣé ò ń bínú sí mi?"

Ọmọ ní, "Yes."

Bọ́láńlé ní, "O jàre."

Ó tán. Kò bá a jà, kò bá a ṣàlàyé. Ó jókòó sílẹ̀ tì í. Ó pẹ́ díẹ̀, ọmọ náà jókòó.

Láyé tiwa ńkọ́? Ta ni yóò bi ọmọdé bóyá ó ń bínú? Kó o sọ pé bẹ́ẹ̀ ni fún ìyá ẹ? Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ á wú fún ọ̀sẹ̀ kan! Mo dúró síbẹ̀, mò ń wò wọ́n, mi ò mọ̀ bóyá ayé ti bàjẹ́ ni tàbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dára... Hmm.

Ẹ máa gbọ́. Mi ò gbàdúrà kí ẹnikẹ́ni nínú yín rí ẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ yín, olórí kunkun pọ̀ nínú yín. Bí ẹ bá bímọ, tí ẹ sì kó sí wàhálà òfin, ẹ sọ fún ọmọ yín fúnra yín. Bí ẹ ò bá lè sọ ọ́, ẹ wá ìyá ọkọ tójú ẹ̀ le, kó bá yín sọ ọ́. Ẹ sì rọra bá a ṣa ẹ̀fọ́ ẹ̀.