Ẹsẹ̀ Nọ́ńbà Náìnì

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yin Olúwa tó rí ohun tí èèyàn gbé pamọ́ sí yàrá! Ẹ ò gbọ́ mi bí? Mo ní ẹ bá mi yìn ín! Ẹ ṣé o. Pásítọ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni tèmi. Pásítọ̀, ẹ dákun, kóòṣì bọ́ọ̀lù ni mí, àfikún àkókò kì í wọ́n lọ́dọ̀ tiwa.

Ẹ̀yin tó mọ̀ mí mọ̀ pé èmi ni kóòṣì kọ́lẹ́ẹ̀jì wa. Ó pẹ́ tí mo ti ń wá ife-ẹ̀yẹ yẹn. Irun orí mi dúdú nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹ wò ó báyìí. Lọ́dún yìí, Ọlọ́run fún wa ní ọmọ kan tó ń jẹ́ Emmanuel. Nọ́ńbà náìnì ni. Ọmọ Ègùn ni, láti Ìwòrò, ọmọ jẹ́jẹ́, àmọ́ bó bá ti rí ojú ilé góòlù báyìí, ẹ yáa sá fún un! Òun ló gbé wa dé sẹmi-fáínà. Kó tó di ọjọ́ náà, a fún àwọn ọmọ ní ìsinmi ráńpẹ́, ó sì lọ sílé. Nígbà tó padà dé, ó kàn dákẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni.

Lọ́jọ́ sẹmi-fáínà náà, ó gbá góòlù méjì wọlé. Ẹsẹ̀ òsì ló fi gbá méjèèjì! Ẹ̀yin ará, ọmọ yìí kì í fi ẹsẹ̀ òsì gbá nǹkan kan. Láti ọjọ́ tó ti dé ọ̀dọ̀ mi ni mo ti ń gbàdúrà lé ẹsẹ̀ òsì yẹn lórí. Mo pariwo Jésù títí ohùn mi fi ha. Ṣé ẹ rántí pé mo jó wá síwájú yìí lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e? Mo ní Ọlọ́run ti jí ẹsẹ̀ òsì dìde. Ẹ̀yin náà bá mi ṣe àmín. Ẹ má rẹ́rìn-ín mọ́, ó ti tó.

Ọ̀sẹ̀ fáínà gan-an ni pẹ̀tíṣọ̀n dé. Ilé-ẹ̀kọ́ tí a jọ fẹ́ gbá a kọ̀wé pé ẹni tó wọ nọ́ńbà náìnì wa kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, pé èèyàn ìta ni. Mo pe ọmọ náà, mo bi í. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní irọ́ ni, kò gbé ojú sókè. Èmi rò pé ẹ̀kọ́ ilé ni. Nígbà tí ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ pè mí, inú ti ń bí mi láti ilé. Mo bọ́ fèrè ọrùn mi, mo gbé e sórí tábìlì rẹ̀. Mo ní, “Sà, bí ọmọ yìí ò bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ má fún mi ní fèrè yìí mọ́ láéláé.” Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ni. Ọ̀gá ní ó dáa, kí n mú òbí ọmọ náà wá jẹ́rìí lọ́la. Ọjọ́bọ̀ nìyẹn, fáínà ku ọ̀túnla.

Mo gba Ìwòrò lọ. Mo ra búrẹ́dì ńlá kan dání, àgbà kì í wọlé onílé lọ́wọ́ òfo. Àwọn tí mo bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ wọn ń pe ìyá náà ní Hohonọ̀. Èmi ọmọ Ìjẹ̀bú, mi ò gbọ́ Ègùn, mo rò pé orúkọ rẹ̀ ni. Mo bá a nídìí ẹja tó ń yan. Ó kí mi bí ẹni kí ọba. Mo na búrẹ́dì sí i, mo ní ìyá Emmanuel ni mo rà á fún. Kò gbà á. Ó ń rẹ́rìn-ín.

“Kóòṣì, ẹ kú ìnáwó o, Mawu Ọlọ́run á bù kún yín. Ṣùgbọ́n ilé ìbejì kì í gba ẹyọ kan. Ti èkejì ńkọ́?”

Mo ní, “Màmá, ìbejì ti ta ni?”

“Ti Zinsu náà! Ẹni tí ẹ̀ ń pè ní Emmanuel. Òun àti Sagbo. Ṣebí Sagbo ló wà lọ́dọ̀ yín báyìí? Mo rò pé ẹ mọ̀.”

Orí agbọ̀n ẹja ni mo jókòó sí.

Bí àwa ṣe ń pe Táyé àti Kẹ́hìndé ni àwọn Ègùn ń pe Zinsu àti Sagbo, ìyá ìbejì sì ni Hohonọ̀ tí wọ́n ń pè é. Emmanuel ti já bọ́ lórí igi àgbọn nígbà ìsinmi yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Èkejì rẹ̀ lọ bá a gbá bọ́ọ̀lù kí ẹlòmíì má baà gba àyè rẹ̀. Àwọn ọmọ mọ̀ pé kò dáa, wọ́n fi pamọ́ fún mi. Àmọ́ ìyá yìí ò rí ẹ̀tàn kankan níbẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ń ṣe é: bí ẹ bá rán ọ̀kan níṣẹ́ tí ara rẹ̀ ò yá, èkejì á lọ, iṣẹ́ ti di jíjẹ́ nìyẹn. Ó ní, “Ọmọ kan náà ni wọ́n, Kóòṣì.” Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ bínú sí irú obìnrin bẹ́ẹ̀?

Ó mú mi wọ yàrá. Áà! Emmanuel mi wà lórí ẹní, ojú rẹ̀ ti wọnú. Wọ́n ti fi pákó àti aṣọ di ẹsẹ̀ ọ̀tún náà le koko, ó wú, àwọn ọmọ ìka ti ń dúdú. Mo ní kó mì wọ́n. Kò lè mì wọ́n. Mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, kò mọ̀ pé mo fọwọ́ kàn án. Mo ní kí ló dé tí wọn ò gbé e lọ sí ọsibítù? Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ó ní ta ni ò mọ ojú nọ́ńbà náìnì láti Kankon títí dé Aradagun? Bí wọ́n bá rí i lórí bẹ́ẹ̀dì lónìí, báwo ni yóò ṣe gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé?

Ó di ọwọ́ mi mú. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀túnla ni. Ẹ jẹ́ kí Sagbo gbá fáínà tán. Màá fara dà á.”

Ẹ̀yin ará, mo jáde lọ sí etí ọ̀sà. Mo gbàdúrà. Ẹ gbọ́ àdúrà tí àgbà ń gbà o! Mo ní, Olúwa, bá mi di ẹsẹ̀ yìí mú di ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Mo ní kó fọ́ ọ̀tá tó kọ pẹ̀tíṣọ̀n lójú. Mo ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, òógùn bò mí. Ife-ẹ̀yẹ yẹn ni mo ń rí. Iṣẹ́ mi ni mo ń rí. Kò sí ẹni tó mọ̀ ju àwa mẹ́rin lọ.

Ibẹ̀ ni ìyá náà ti wá bá mi. Kò mọ nǹkan tí mo ń tọrọ. Ó kàn ní, “Kóòṣì, inú mi dùn pé ẹ rí i. Àwa ò mọ̀ bóyá ó ń jinná. Ẹ̀yin lẹ mọ ẹsẹ̀.”

Ẹ̀yin lẹ mọ ẹsẹ̀! Àdúrà pin lẹ́nu mi. Ojú tì mí níwájú Ọlọ́run àti níwájú ìyá yẹn. Mo padà sínú yàrá, mo gbé ọmọ náà pọ̀n. A wọ ọkọ̀ ojú omi. Orí omi níbẹ̀ ni mo ti pe ọ̀gá àgbà lórí fóònù, kí Sátánì tó tún bá mi sọ̀rọ̀. Mo ní, “Sà, òótọ́ ni wọ́n kọ. Ẹ yọ wá kúrò nínú fáínà. Mò ń gbé nọ́ńbà náìnì lọ sí ọsibítù.” Ó gé fóònù.

Dókítà tó tú aṣọ yẹn kígbe mọ́ mi bí ẹni pé èmi ni mo dì í. Ó ní, “Bàbá, bó bá jẹ́ ọ̀túnla lẹ gbé e dé, gígé la ò bá máa sọ.” Ọ̀túnla! Ọ̀rọ̀ tí ọmọ fi bẹ̀ mí gan-an. Mo dojú kọ ògiri, mo sunkún bí ọmọdé.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ. Ní Sátidé, wọ́n gbé ife-ẹ̀yẹ fún ẹgbẹ́ kejì láìgbá bọ́ọ̀lù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sọ mí ní Kóòṣì Júdásì. Wọ́n ju ọ̀rá omi lù mí ní géètì. Mo bá ìgbìmọ̀ ìbáwí kọ́lẹ́ẹ̀jì sọ̀rọ̀, mo ní èmi ni mo fi orúkọ ẹni tó wọ pápá ránṣẹ́, èmi ló yẹ kí n mọ ọmọ tí mò ń kọ́, kí wọ́n má lé Emmanuel. Wọn ò lé e o! Ògo! Wọ́n ní kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún kọ́lẹ́ẹ̀jì mọ́, wọ́n fòfin de Sagbo, wọ́n sì ní kí èmi lọ rọ́kún nílé.

Mo ṣì ń rọ́kún o. Wọn ò tíì pè mí, fèrè mi ṣì wà lórí tábìlì ọ̀gá. Ẹnì kan bi ìyàwó mi ní ẹnu ọ̀nà láàárọ̀ yìí pé ẹ̀rí kí ni ọkọ rẹ̀ fẹ́ jẹ́, ẹni tí kò gba ife, tí kò níṣẹ́. Mo gbọ́ ọ, mi ò bínú. Mo ti jẹ́rìí níbí rí lórí ẹsẹ̀ tí Ọlọ́run ò fọwọ́ kàn. Lónìí, mo mú èyí tó fọwọ́ kàn wá.

Hohonọ̀, ẹ dìde kí wọ́n rí yín. Ìyá ìbejì nìyẹn, ẹ̀yin ará. Ẹja méjì-méjì ló ń gbé wá sílé mi, ó ní èèyàn kì í fúnni ní ẹyọ kan láti ilé òun. Emmanuel, ìwọ náà dìde. Sagbo, fi í sílẹ̀. Má dì í mú. Mo ní kí o fi í sílẹ̀, kó dá wá.

Ẹ wò ó! Ẹ wo ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn! Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́, ẹ jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ mi. Máa bọ̀, ọmọ mi. Máa bọ̀.

Ó dé! Ẹ dìde, ẹ bá kóòṣì tí kò ní ife jó! Ẹ̀yin tó sì fẹ́ na ọrẹ sí i, ẹ rántí Sagbo. Ilé ìbejì kì í gba ẹyọ kan.